Ilé Amọ̀ Ni Mo Sùn Sí Nílẹ̀ Faransé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ káfíńtà ni mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń pàtẹ nídìí gáréèjì, n kò sì kọ lẹ́tà sí yín rí. Ohun tó mú mi mú bírò lónìí ni ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan kọ sí ojú ewé lẹ́tà yín ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ó ní kí ìjọba wó gbogbo ilé amọ̀ tó kù láàárín ìlú, ó ní ilé òṣì ni wọ́n. Ó wá fi kún un pé, "Ta ló rí òyìnbó nínú ilé amọ̀ rí?"

Èmi rí i. Kì í ṣe pé mo rí i lókèèrè. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi sùn nínú rẹ̀, mo sì fi orí gbá igi àjà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ara mi tó mọ̀ ọ́n.

Ọmọbìnrin mi kejì ń gbé ní Strasbourg, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé, níbi tí odò Rhine ti pààlà pẹ̀lú Jámánì. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni ọkọ rẹ̀, ìlú tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Yorùbá ẹnu rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n dọ̀bálẹ̀, ó sì ń sọ Faransé bí ẹni ń mumi. Ìgbà ooru wọn tó kọjá ni wọ́n ní kí n wá fojú kan ọmọ tuntun. Mo jókòó sínú ilé alájà mẹ́fà wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Àna mi bá ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbé yín lọ sí abúlé." Ni wọ́n bá háyà ilé kan ní Hunspach, lápá àríwá Strasbourg. Pẹ̀lú mọ́tò, kò tó ohun tí èèyàn ń fi gbogbo òwúrọ̀ rìn, kò sì jìnnà sí ẹnubodè Jámánì.

Àwọn tó ń gbé abúlé náà kò tó 700. Síbẹ̀, ní ọdún 2020, nígbà tí àwọn ará Faransé dìbò nídìí tẹlifíṣọ̀n láti yan abúlé tí wọ́n fẹ́ràn jù, Hunspach ló wọlé. Kò ní òkun, kò ní ààfin ọba, kò sí òkè ńlá tí èèyàn máa ya fọ́tò rẹ̀. Ilé ni wọ́n torí rẹ̀ dìbò fún un.

Nígbà tí a dé, mo dúró síta fún bí ìdajì wákàtí. Àna mi rò pé ó rẹ̀ mí ni, ó ń wá àga kiri. Kò rẹ̀ mí. Ilé ni mò ń kà.

Ilé àgbẹ̀ ni. Orí rẹ̀ tó ṣe ṣóńṣó ló kọ sí títì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gígùn ló kọ sí àgbàlá, níbi tí kànga wà, tí àká ńlá tí wọ́n ń kó koríko gbígbẹ sí tẹ́lẹ̀ sì dí ẹ̀yìn pa. Ògiri rẹ̀ funfun nini, igi dúdú sì là á ní òró àti ní ìbú, òmíràn dagun, bí ilà lójú ọmọ Ọ̀yọ́. Gbogbo ilé abúlé náà ló rí bẹ́ẹ̀, funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun. Lókè fèrèsé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti fi táìlì ṣe òrùlé kékeré kan tó yọ síta bí etí fìlà, kí òjò tó bá ń ṣàn bọ̀ láti òkè lè bọ́ sílẹ̀ kí ó tó kan ògiri. Mo gbé orí sókè, mo rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ṣe èyí bẹ̀rù omi bí mo ṣe bẹ̀rù rẹ̀.

Gíláàsì àwọn fèrèsé kan wú síta bí ikùn ìkòkò. Mo rò pé ó bàjẹ́ ni. Àna mi béèrè lọ́wọ́ onílé, ìyá àgbà kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tó ń gbé ní apá kejì àgbàlá náà, Màmá ni èmi ń pè é. Màmá ní ọgbọ́n àtijọ́ ni: ẹni tó wà nínú ilé ń rí títì láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹni tó ń kọjá kò rí nǹkan kan nínú ilé. Ẹni tó ronú kan irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ mọ ará àdúgbò rẹ̀ dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo kà lára ilé náà, nítorí ibẹ̀ ni ẹni tó kọ lẹ́tà ọ̀hún ti ṣìnà.

Lọ́dọ̀ tiwa, ògiri amọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ru òrùlé. Ní Hunspach, ògiri kò ru nǹkan kan. Igi ló ru gbogbo rẹ̀. Amọ̀ kàn dí àlàfo ni, bí ẹran láàárín egungun. Bí ẹ bá gbọn gbogbo amọ̀ ilé yẹn dànù lónìí, ilé á ṣì dúró, afẹ́fẹ́ á kàn máa gba inú rẹ̀ kọjá ni. Igi óákù ni egungun náà. Ẹni tó bá ń ka Bíbélì Yorùbá mọ orúkọ rẹ̀, òun ni orí Ábúsálómù há sí. Mo fi ọ̀bẹ gún un díẹ̀ ní kọ̀rọ̀ kan (kí Màmá má rí mi), ó le bí ìrókò.

Ìsàlẹ̀ pátápátá, òkúta pupa rẹ́súrẹ́sú ni wọ́n tò, irú òkúta oníyanrìn tí wọ́n ń wà lórí àwọn òkè Vosges. Orí òkúta yẹn ni wọ́n tẹ́ ìtì igi kan sí gbalaja, yípo ilé. Inú ìtì yìí ni ẹsẹ̀ àwọn òpó wọ̀ sí. Òpó kọ̀ọ̀kan ní igi tó dagun tì í kí ilé má baà yẹ̀ tí ìjì bá dé. Ìtì mìíràn tún bo òpó lórí, àjà kejì á bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Igi kankan kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀.

Mo wá ìṣó títí, n kò rí ẹyọ kan lára egungun ilé. Wọ́n gbẹ́ orí igi kan bí ahọ́n, wọ́n gbẹ́ ihò sára ìkejì, ahọ́n wọnú ihò, wọ́n wá lu ihò wẹ́rẹ́ kan já àwọn méjèèjì, wọ́n sì fi èèkàn igi gbígbẹ kàn án pa. Ibi tí mo ti fi ọwọ́ bo ẹnu nìyí: ihò tó wà lára ahọ́n kò ṣe déédéé pẹ̀lú ihò tó wà lára òpó. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ sún un díẹ̀ ni, bí ìnípọn ẹ̀yìn ọ̀bẹ. Bí wọ́n bá ti ń fi òòlù gbá èèkàn wọlé, èèkàn á máa fa igi méjèèjì mọ́ra wọn gbágbáágbá. Ọdún méjìlélógójì ni mo fi ṣe káfíńtà, n kò ronú kàn án rí.

Igi tútù ni wọ́n sì ń lò. Bí ọmọṣẹ́ mi bá gbé igi tútù wá fún mi fún òrùlé, ẹ̀yìn rẹ̀ á gbọ́ ọ. Àwọn wọ̀nyí á gé óákù nígbà òtútù, wọ́n á fi àáké bó o lójú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó tó le, wọ́n á sì gbé e dúró bẹ́ẹ̀. Igi tútù á máa gbẹ nìṣó nínú ilé, á máa sún kì, á sì máa di èèkàn gbígbẹ náà mú bí alákàn ṣe ń di ìka mú. Àwọn òpó kan tẹ̀ díẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbẹ. Ilẹ̀ yàrá tí mo sùn sí dagun débi pé bírò mi ń yí lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní alaalẹ́.

Lára òpó àti ìtì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gé àmì sí: I, II, III, V, X, bí ojú aago àtijọ́. Àmì káfíńtà ni. Ilẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń yàwòrán ògiri náà bó ṣe máa tóbi gẹ́lẹ́, kì í ṣe lórí ìwé. Wọ́n á tẹ́ igi lé orí ìlà, wọ́n á fi okùn tó ní òjé lẹ́nu wá ibi tí igi kan ti máa pàdé ìkejì, torí pé igi tí wọ́n fi àáké bó kì í gún régé, ihò òpó yìí kò lè bá ahọ́n igi mìíràn mu. Tí gbogbo rẹ̀ bá ti bá ara mu nílẹ̀, wọ́n á kọ nọ́ńbà sí i, wọ́n á tú u, wọ́n á kó o lọ síbi tí ilé máa wà. Ọgbọ́n ìlà yíyà yìí ni àjọ UNESCO kọ mọ́ àwọn ogún àtọwọ́dọ́wọ́ aráyé ní ọdún 2009. Nígbà tí kátídírà Notre-Dame ní Paris jóná ní 2019, irú àwọn káfíńtà bẹ́ẹ̀ ló fi àáké bó igi óákù fún òrùlé tuntun, ṣọ́ọ̀ṣì náà sì ṣí padà ní oṣù Kejìlá 2024. Àwa tí a rò pé àáké ti di ohun tí a fi ń la igi ìdáná nìkan.

Nítorí nọ́ńbà wọ̀nyí ni ohun kan ṣe wà ní agbègbè yẹn, Alsace ni wọ́n ń pè é, tó yà mí lẹ́nu jù. Ní ayé àtijọ́, irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tó so mọ́ ilẹ̀ lójú òfin àti àṣà wọn. Ẹrù ni. Ẹni tó bá ń kó lọ lè tú ilé rẹ̀, kó kó igi rẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́ ẹṣin, kó lọ gbé e dúró ní abúlé mìíràn, kó sì fi amọ̀ ibẹ̀ dí i. Mo bi àna mi lẹ́ẹ̀mejì bóyá ohun tí mo gbọ́ nìyẹn. Ó ní, "Bàbá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ."

Lára òpó igun tó kọ sí títì, wọ́n gbẹ́ orúkọ ọkọ tó kọ́ ilé náà, wọ́n gbẹ́ orúkọ ìyàwó rẹ̀, orúkọ ilé bàbá obìnrin náà gan-an, àti ọdún. Ó ti lé ní igba ọdún. Òpó tó wà láàárín ní igi mẹ́rin tó dagun tì í lókè àti nísàlẹ̀, bí ẹni tó na apá tó sì ya ẹsẹ̀. "Mann" ni wọ́n ń pe ìyẹn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ọkùnrin. Abẹ́ fèrèsé ní igi tí wọ́n dábùú ara wọn, tí ojú rẹ̀ dà bí ojú káàdì dáyámọ́ńdì. Wọ́n ní àmì ọmọ bíbí nìyẹn. Màmá ní ọmọ méje ni wọ́n bí nínú ilé náà nígbà ti ìyá ìyá òun, nítorí náà òun kò lè sọ pé irọ́ ni.

Orúkọ ara òpó kì í ṣe ti Faransé, ọ̀rọ̀ Jámánì ni. Mo béèrè ìdí. Màmá sọ ìtàn gígùn, àna mi gé e kúrú fún mi. Ogun kan jà nílẹ̀ Yúróòpù láti 1618 sí 1648, ó sọ apá ibẹ̀ di ahoro. Àwọn kan wá láti Switzerland lẹ́yìn ogun náà láti tún ilẹ̀ ro, wọ́n wà lára àwọn tó tún Hunspach tẹ̀ dó. Láti ìgbà náà, Faransé ló kọ́kọ́ ń jọba lé wọn lórí. Jámánì gbà wọ́n ní 1871. Faransé gbà wọ́n padà ní 1918. Jámánì tún kó wọn ní 1940 títí ogun Hitler fi ń lọ sópin. Orí ilẹ̀ kan náà, nínú ilé kan náà. Èdè ilé Màmá sì ni Alsatian, èyí tó sún mọ́ ti Jámánì. Nígbà tó wọ ilé ìwé lẹ́yìn ogun, Faransé nìkan ni wọ́n gbà láyè, wọ́n sì ń jẹ ọmọ tó bá fi èdè ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ níyà. Àna mi gbọ́ èyí, ó fi Faransé sọ ohun kan fún un, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Màmá. Ó ní òun sọ fún un pé ní Àjàṣẹ́, nǹkan ni wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọmọ tó bá sọ Yorùbá tàbí Gùn ní kíláàsì. Èmi náà fi ẹgba tí mo jẹ nítorí "vernacular" kún un. Báyìí ni àwa mẹ́ta ṣe jókòó sábẹ́ àká, tí a ń ka pàṣán ara wa. Ẹ jọ̀ọ́, mo ti kúrò lórí ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kẹrin tí a débẹ̀ ni káfíńtà kan wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó wọ ṣòkòtò dúdú gbòòrò tó fẹjú lẹ́sẹ̀, bí àwọn tó kọ́ṣẹ́ káfíńtà níbẹ̀ ṣe ń wọ̀ ọ́. Ó wá tún ẹsẹ̀ ilé ṣe lápá àgbàlá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ọkọ Màmá tó ti dolóògbé rí i pé ìsàlẹ̀ ògiri ń rin díẹ̀díẹ̀. Ó pe bíríkìlà kan, ìyẹn fi símẹ́ńtì rẹ́ ìsàlẹ̀ náà dé orúnkún, ó dán, ó le, gbogbo ènìyàn yìn ín. Òpin ìtì igi abẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Mo ti ń sọ èyí fún àwọn ènìyàn láti ọdún pípẹ́, wọn kì í gbà mí gbọ́: omi kì í wọ ilé amọ̀ kó máà jáde bí a kò bá dí ọ̀nà mọ́ ọn. Amọ̀ ń mu omi, ó sì ń mí i jáde tí oòrùn bá ràn. Ẹfun tí wọ́n fi ń kun ún lójú ń jẹ́ kó mí. Símẹ́ńtì kì í jẹ́ kó mí. Omi tó gba orí kan tó là wọlé kò rọ́nà jáde mọ́, ó jókòó ti igi. Nígbà tí káfíńtà náà fi irin ṣí símẹ́ńtì yẹn, ìtì óákù tó ti dúró láti ayé bàbá ńlá wọn ti rọ̀ bí àkàrà inú ẹ̀kọ gbígbóná. Mo fi ìka gún un, ìka wọlé dé oríkèé kejì. Òkè tí símẹ́ńtì kò dé, igi ibẹ̀ ṣì ń dún kóró lábẹ́ òòlù.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà, mo lè fi ọjọ́ kan sọ ọ́. Ó gbé jáàkì mẹ́rin sábẹ́ ìtì òkè, ó fi pákó tẹ́ ẹ, ó gbé ilé sókè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń jí ọmọ tó sùn. Ó gé ibi tó jẹrà nìkan dànù, kò yọ gbogbo ìtì. Ó wá mú óákù tuntun, ó gé orí rẹ̀ àti orí ti àtijọ́ ní kọ́lọkọ̀lọ bí mànàmáná, kí eyín ìkíní lè jẹ sínú ti ìkejì, ó sì gbá èèkàn igi pẹlẹbẹ méjì sáàárín kí ó fún un pa. Mo béèrè orúkọ ìsopọ̀ yẹn nípasẹ̀ àna mi. Ó ní "trait de Jupiter". Àna mi ṣàlàyé pé Jupiter ni òrìṣà tó ni àrá láyé àwọn ará Róòmù ìgbàanì. Mo ní, Ṣàngó! Àna mi túmọ̀ rẹ̀ fún un, ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì pe orúkọ náà títí di ìrọ̀lẹ́: "Ṣàngó, Ṣàngó," bó ti ń gbá òòlù. Ó kù díẹ̀ kí n sọ fún un pé kì í ṣe orúkọ tí wọ́n ń pè léraléra báyẹn.

Àlàfo tó wà lókè ìtì náà ló kù, amọ̀ rẹ̀ ti ya. Wọn kò lọ ra nǹkan kan lọ́jà. Wọ́n gbọn amọ̀ àtijọ́ sílẹ̀, wọ́n fọ́ ọ, wọ́n rẹ ẹ́ sómi lóru mọ́jú. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò sínú àlàfo náà, tí wọ́n sì fi ẹ̀ka tútù hun bí apẹ̀rẹ̀, ṣì dára, méjì péré ni wọ́n pààrọ̀. Nínú amọ̀ tó fọ́ ni mo ti rí koríko ọkà tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ pò mọ́ ọn láyé àtijọ́. Ó ṣì pọ́n bíi ti ẹ̀ẹ̀rùn èṣí. Ní ọjọ́ kejì, ó ku kí wọ́n po amọ̀ náà pẹ̀lú koríko tuntun, mo bọ́ bàtà. Ọmọ mi pariwo láti ojú fèrèsé, "Bàbá, ẹsẹ̀ yín!" Ẹsẹ̀ wo? Ẹsẹ̀ tí mo fi gún amọ̀ ilé bàbá mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án náà ni. Mo gún un, káfíńtà bù ú, ó ń jù ú mọ́ igi híhun náà láti ìta, ìyàwó rẹ̀ ń jù ú láti inú ilé, kí ti ìta lè di ti inú mú. Wọ́n fi ọwọ́ pa á lójú, wọ́n fi ṣóńṣó igi fa ilà sí i kí ẹfun lè rí nǹkan dì mọ́. Màmá wá wo ògiri náà ní ìrọ̀lẹ́, ó ní ẹsẹ̀ ọmọ Áfíríkà ti wà lára ilé òun.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àwọn òyìnbó gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ láti ilẹ̀. Wọ́n sọ irú ọ̀rọ̀ tí olùkọ̀wé yín sọ, wọ́n sì ṣe ju sísọ lọ. Lẹ́yìn ogun Hitler, búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré ni gbogbo ènìyàn ń fẹ́ ní Alsace. Ilé igi di ilé àgbẹ̀ aláìní, wọ́n ń wó wọn, wọ́n ń fi igi wọn dáná. Ní àwọn ọdún 1970 ni àwọn ọ̀dọ́ kan tí ọ̀gbẹ́ni Marc Grodwohl ṣáájú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara wọn tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe. Èyí tí wọn kò lè gbà sílẹ̀ níbi tó wà, wọ́n tú u ní ẹyọ ẹyọ, àmì káfíńtà àtijọ́ sì ń tọ́ wọn sọ́nà. Wọ́n kó wọn jọ sí ìlú Ungersheim, lápá gúúsù Alsace, wọ́n ṣí ibẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní 1984, Écomusée d'Alsace ni wọ́n sọ ọ́. Àna mi mú mi lọ nígbà tí a ń padà. Ó lé ní àádọ́rin ilé àti àká tó dúró síbẹ̀ bí odindi abúlé, ẹyẹ àkọ̀ sì kọ́lé sórí àwọn òrùlé kan. Mo rìn títí bàtà mi fi là.

Fún ẹni tó bá rò pé tálákà nìkan ló ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́, kó lọ wo ẹ̀gbẹ́ kátídírà Strasbourg. Ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Maison Kammerzell. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó jẹ́ òkúta ti wà láti 1467. Oníṣòwò wàràkàṣì kan ló wá fi àwọn àjà onígi lé e lórí ní 1589, ó sì gbẹ́ ère sí i lára títí kò fi sí àyè mọ́. Olówó ni.

Bẹ́ẹ̀ ni ilé náà kì í ṣe ọ̀run. Mo ti sọ ti igi àjà tó gbá mi lórí. Wọ́n ṣe é rẹlẹ̀ kí ooru sítóòfù má baà lọ sókè lásán. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ga bí àkàbà, ọmọ mi kò jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀ lóru láìtan iná. Màmá ráhùn fún mi pé owó tí òun fi ń mú ilé gbóná nígbà òtútù pọ̀, pé òun fẹ́ fi fèrèsé oníke, ìyẹn pílásítíìkì, rọ́pò ti igi, wọn kò gbà fún òun. Ilẹ̀ Faransé ní òfin lórí ilé àtijọ́ láti 1913. Láti 1943 sì ni ẹni tí ilé rẹ̀ bá wà ní àyíká ibi tí ìjọba dáàbò bò, láàárín mítà 500, kò ti lè yí ojú ilé rẹ̀ padà láìgba àṣẹ. Owó ìrànwọ́ wà fún àwọn kan: àjọ Fondation du patrimoine wà láti 1996, láti 2018 ni wọ́n sì ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tìrì tí apá kan owó rẹ̀ ń lọ sórí ilé àtijọ́. Màmá ní lọ́tìrì náà kò tíì kan òun. Kòkòrò tó ń jẹ igi wà níbẹ̀ bí ikán ṣe wà níbí, wọ́n sì ní olú kan tó ń jẹ igi tí omi bá ti rin, tí wọ́n ń bẹ̀rù ju olè lọ. Iná náà ń kọ́? Mo rí ìgò pípaná mẹ́ta nínú ilé kan ṣoṣo.

Mi ò ní kí gbogbo wa padà sínú ilé amọ̀. Èmi fúnra mi, búlọ́ọ̀kù ni ilé mi. Ohun tí mò ń sọ fún olùkọ̀wé yẹn ni pé ọ̀rọ̀ tó fi kádìí lẹ́tà rẹ̀ kì í ṣe òtítọ́, àti pé kí wọ́n tó gbé kátápílà lọ síbikíbi, kí wọ́n kọ́kọ́ pe káfíńtà kan àti bíríkìlà àgbàlagbà kan kí wọ́n wo orí ilé àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé amọ̀ tí mo rí tó wó nígbà ayé iṣẹ́ mi, páànù ló kọ́kọ́ ṣí, onílé kò gun òkè fún òjò mẹ́ta.

Èèkàn igi kan wà lórí tábìlì mi bí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Ó gùn tó ìka mi àárín, ó ní ojú mẹ́jọ, ó dúdú bí ẹ̀pà tí iná pọ̀ fún. Káfíńtà yẹn ló yọ ọ́ kúrò nínú ìtì tó jẹrà, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. Òun nìkan ni kò jẹrà níbẹ̀. Ẹni tó kọ lẹ́tà ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn lè wá wò ó. Ọ̀dọ̀ yín ni àdírẹ́ẹ̀sì mi wà. Ṣọ́ọ̀bù mi àtijọ́ ni mo ṣì máa ń jókòó sí láàárọ̀, ọmọ mi ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ báyìí. Kó tètè wá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ o, nítorí òrùlé ṣọ́ọ̀bù náà ń jò.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Àgbà Káfíńtà,
Ìkìrun